Òkè Kèrè àti omi kànga wa



Ẹ gbójú sókè, ẹ wo àwọn òkè Kèrè. Báwo ni wọ́n ṣe débẹ̀? Kí ló sì dé tí kànga kan fi ń lómi, tí èkejì tí kò jìnnà sí i gbẹ? Ìdáhùn ìbéèrè méjèèjì jọ so pọ̀ ni.

Ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ yìí pín sí awẹ́ awẹ́ bí obì. Awẹ́ wọ̀nyí tóbi gan-an. Ẹyọ kan ló gbé ọ̀pọ̀ jù nínú Áfíríkà. Wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀, bí èékánná ṣe ń hù. Níbi tí méjì bá ti kọlu ara wọn, ilẹ̀ á ká sókè, á di òkè. Níbi tí wọ́n bá ti ń yà kúrò lára wọn, òkun lè gba àárín wọn. Níbi tí wọ́n bá ti ń ha ara wọn, ilẹ̀ á máa mì.

Lónìí, Kèrè jìnnà sí etí awẹ́. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn, awẹ́ méjì kọlu ara wọn ní apá ọ̀dọ̀ wa. Òkè gíga dìde. Òjò àti oòrùn jẹ ẹ́ wálẹ̀. Àpáta tó le jù ló ṣẹ́ kù tí à ń wò. Ìkọlù náà tún mú kí àpáta là káàkiri. Ibi kan tó là gùn láti ìhà Kandi, ó gba agbègbè Ìdààṣà kọjá lọ sí ìhà òkun. Ìyókù rẹ̀ wà ní Brazil, nítorí ilẹ̀ wọn àti tiwa ti jẹ́ ọ̀kan rí.

Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi. Àpáta líle kì í gba omi, àfi ibi tó bá ti là, àti inú yẹ̀pẹ̀ tó bò ó. Nítorí náà, bí kànga kò bá lómi, ẹ má sọ pé ayé ló ṣe é. Kí ẹ tó náwó, ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n wá ibi tí àpáta ti là.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí omi ń gbà ni ìdọ̀tí náà ń gbà:

Ẹ gbẹ́ ṣáláńgá sí ìsàlẹ̀ kànga, kì í ṣe sí òkè rẹ̀. Kí ó jìnnà sí i tó mítà 30, ó kéré tán.

Ẹ má fọ ìgò oògùn òwú létí kànga.

Ẹ má jó igbó ara òkè. Ewé àti gbòǹgbò ló ń dá òjò dúró kí ó lè wọlẹ̀.

Ṣáláńgá ilé yín ńkọ́? Báwo ló ṣe jìnnà sí kànga tó? Ẹ lọ wọ̀n ọ́n lónìí.