Ìlù àtijọ́ ọlọ́wọ́ òsì: inú ihò ni owó rẹ̀ wà

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, ilé gbàǹjo Julien's ní Beverly Hills, ìpínlẹ̀ California, ta sẹ́ẹ̀tì ìlù Ludwig tí Ringo Starr gbà ní London lọ́dún 1963, èyí tó fi bá ẹgbẹ́ Beatles lùlù. Ó lé ní mílíọ̀nù 2 dọ́là, Jim Irsay, tó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Indianapolis Colts nígbà náà, ló sì gbé e lọ sílé. Ọlọ́wọ́ òsì ni Ringo, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í ṣe ti ọlọ́wọ́ òsì. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé ìyá àgbà òun ló sọ òun di ọlọ́wọ́ ọ̀tún ní kékeré, torí màmá náà gbà pé ohun burúkú ló wà nídìí lílo òsì. (Ẹni tí wọ́n bá ti gbá lọ́wọ́ rí nílé Yorùbá torí pé ó fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà kò ní bi wá pé irú ìyá wo nìyẹn.) Ó wá jókòó sídìí ìlù bí gbogbo ayé ṣe ń jókòó, àmọ́ òsì ló ṣì ń ṣíwájú nígbà tó bá fẹ́ dárà lórí ìlù, ìdí nìyẹn tí àrà rẹ̀ kì í fi í jọ tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ká ní bí ọlọ́wọ́ òsì ló ṣe tò ó, orúkọ Ringo ì bá ṣì tà á. Ludwig aláìlórúkọ tó jáde nílé iṣẹ́ wọn ní Chicago láyé ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ òsì máa ń dà láàmú lọ́jà, ìdí tí àwọn tó ń tà àti àwọn tó ń rà sì ń sọ kò tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń jẹ́ ọwọ́ lára ìlù òyìnbó. Fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún, hi-hat (aro méjì tí ẹsẹ̀ ń pa dé) wà lápá òsì, snare wà láàárín orúnkún méjèèjì, tom kékeré gun orí bass drum (ìlù ńlá tí ẹsẹ̀ ń lù), floor tom dúró ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, aro ńlá sì wà lókè rẹ̀. Ti ọlọ́wọ́ òsì dà bí ohun téèyàn rí nínú dígí: ohun gbogbo yí padà, bó ṣe rí lára ìlù olórin Phil Collins àti ti Ian Paice, onílù ẹgbẹ́ Deep Purple. Ṣùgbọ́n èwo gan-an nínú wọn ló mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì? Snare rí roboto, ibi téèyàn bá kọ ojú rẹ̀ sí náà ni. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni floor tom ní, èèyàn kàn máa gbé e kúrò lápá kan lọ sápá kejì ni. Hi-hat kò yàtọ̀ sí i. Kí omi tó hó lórí iná, gbogbo èyí ti parí. Bass drum nìkan ló lórí kunkun. Láyé ọdún 1960, irin tí Ludwig fi ń gbé tom kékeré ró ni wọ́n máa ń dè mọ́ orí bass drum, ní ìhà òsì onílù, wọ́n á sì de apá irin aro sí ìhà ọ̀tún. Síkúrù ló di irin wọ̀nyí mú, síkúrù ò sì lè wọlé láìsí ihò. Èèyàn lè tú irin, kò lè tú ihò. Ihò ìdí irin wọ̀nyí nìkan ló mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì nínú gbogbo sẹ́ẹ̀tì náà.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní sẹ́ẹ̀tì tí ilé iṣẹ́ lu ihò rẹ̀ fún ọlọ́wọ́ òsì máa ń sọ pé ohun tó ṣọ̀wọ́n ni, torí náà ó yẹ kó wọ́n. Òótọ́ ni pé ó ṣọ̀wọ́n. Àmọ́ ẹni tó ń wá nǹkan ló ń sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Nínú èèyàn mẹ́wàá láyé, nǹkan bí ẹnì kan ló ń lo òsì. Nínú àwọn yẹn, ọ̀pọ̀ ń lùlù bíi Ringo. Àwọn tó bá ṣẹ́ kù gbọ́dọ̀ fẹ́ràn ìlù àtijọ́, kí owó sì wà lọ́wọ́ wọn. Ọjà tí oníbàárà rẹ̀ kò tó nǹkan lè pẹ́ lórí igbá. Síbẹ̀ irú sẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ sàn fíìfíì ju ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún tí ẹnì kan ti lu ihò tuntun sí lára. Àwọn tó ń kó ìlù àtijọ́ jọ máa ń tú awọ rẹ̀, wọ́n á tan iná sínú. Ludwig ìgbà yẹn máa ń kun inú ìlù ní ọ̀dà. Ihò tí ẹlòmíì lù lẹ́yìn náà á fọ́ ọ̀dà yẹn, igi funfun á yọjú. Wọ́n á tún wo ike aláràbarà tí wọ́n fi bo ìta: ibi tí irin ti jókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í ṣá bí ìyókù. Bí wọ́n bá ṣí irin nípò, àmì á wà níbẹ̀. Èèyàn lè fi igi dí ihò, ike kò ní gbàgbé.

Ẹni tó fẹ́ rà náà ní tirẹ̀. Á ní ìlàjì owó lòun máa san, torí ta ló fẹ́ ìlù olósì? Bẹ́ẹ̀ iye ihò kan náà ló wà lára ti olósì àti ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún, ohùn kan náà ni wọ́n ń fọ̀. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún tó bá ra ti olósì lè tú irin náà kúrò, kó fi sítáǹdì snare gbé tom kékeré, kó má lu ihò kankan. Ìlù tó ní tom méjì, tí irin rẹ̀ wà ní àárín gbùngbùn bí ọ̀pọ̀ tọdún 1970 ṣe rí, kò fi bẹ́ẹ̀ ní ọwọ́ rárá. Ẹni tó bá ń tìtorí òsì béèrè ẹ̀dínwó lórí irú ẹ̀ kàn ń nájà ni. Àwọn kan ní kéèyàn sáà yí bass drum po, kí iwájú di ẹ̀yìn. Lóòótọ́ òsì á di ọ̀tún, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ irin tó yẹ kó di ìlù mú níwájú á wá sún mọ́ ẹsẹ̀ onílù.

Àtakò tó lágbára jù ni pé olósì kò nílò sẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ rárá: ṣebí àwọn onílù bíi Billy Cobham àti Simon Phillips ń fi òsì lu hi-hat tó wà lápá òsì láìkọ ọwọ́ sórí ara wọn, tó sì dùn? Bẹ́ẹ̀ ni, òun gan-an ló sì ń dín oníbàárà kù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ogún ọdún lùlù bí ti inú dígí kò ní tìtorí ọjà kọ́ ara rẹ̀ lákọ̀tun. Ọ̀dọ̀ àwọn onígìtá ni mo rò pé àṣìṣe àwọn tó ń tà àti àwọn tó ń rà ti wá. Nínú Beatles kan náà, gìtá olósì tí ilé iṣẹ́ Höfner ní Jámánì ṣe ni Paul McCartney ń ta. Okùn rẹ̀ àti ojú rẹ̀ ló kọ sí òsì. Ìlù ò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹni tó ń tà bá kọ "ti ọlọ́wọ́ òsì" lásán sára ìpolówó, kí ẹ ní kó ya fọ́tò inú bass drum náà wá, kó sì sọ iye ihò tó wà níbẹ̀ àti ẹni tó lù wọ́n.