Kaka Kì í Ṣe Àrọ̀kúrò

Bí a ti wọ oṣù kẹsàn-án yìí, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ kí ẹnikẹ́ni tó tún mú irúgbìn lọ sí oko. Ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi rí.

Ní ọdún kìíní tí mo dé pẹ̀tẹ́lẹ̀ Òkè Ọya, mo dá oko kékeré kan sí ẹ̀yìn ilé. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án wọlé, ilẹ̀ tutù, koríko gùn, òjò sì ń rọ̀. Mo rántí ilé. Àkókò yìí gan-an ni bàbá mi máa ń gbin àgbàdo ẹ̀ẹ̀kejì. Ni mo bá gbin àgbàdo. Bàbá Hausa kan tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà wò mí títí, ó ní, "Mallam, kí ni àgbàdo yìí yóò máa mu?" Mo rẹ́rìn-ín. Àgbàdo náà hù dáadáa, ó ga dé orúnkún. Kí oṣù kẹwàá tó dé ìdajì, òjò ti lọ. Kò yọ ọmọ kan ṣoṣo; ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́. Òótọ́ ni pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Èmi ní owó oṣù tí mo gbójú lé. Ìdílé tí ó bá kó irúgbìn àti owó ajílẹ̀ rẹ̀ sí irú oko bẹ́ẹ̀ kò ní nǹkan kan tí yóò gbójú lé títí di òjò ọdún tí ń bọ̀.

Kí ló dé tí òjò ilé àti òjò ibí fi yàtọ̀? Afẹ́fẹ́ méjì ló ń darí ojú ọjọ́ Nàìjíríà. Ọ̀kan ń ti orí òkun wá láti gúúsù. Ó tutù, ó sì ru omi. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sahara wá láti àríwá. Ó gbẹ, ó sì kó eruku. Òun la mọ̀ sí ọyẹ́. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé kì í dúró sójú kan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni afẹ́fẹ́ òkun ti ń ti ìkejì rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, títí ààlà wọn yóò fi kọjá wa wọ ilẹ̀ Niger ní oṣù kẹjọ. Òjò ńlá kì í rọ̀ lójú ààlà náà. Ẹ̀yìn rẹ̀, ní ìhà gúúsù, ló ti ń rọ̀. Ìdí nìyí tí òjò fi ń sinmi ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ, nígbà tí ó ń rọ̀ jù ní Kano. Ní Kano, òjò oṣù keje àti oṣù kẹjọ nìkan ju ìdajì òjò ọdún kan lọ.

Lẹ́yìn èyí, ààlà náà yóò yí padà sí gúúsù, àbọ̀ rẹ̀ sì yá ju àlọ lọ. Bí ó ti ń padà, òjò rẹ̀ tún kan ilẹ̀ Yorùbá lẹ́ẹ̀kejì: òun ni àrọ̀kúrò. Ilé ń gba òjò lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ó wà lójú ọ̀nà àlọ àti àbọ̀. Ìpẹ̀kun ìrìn náà ni àwa tí a wà níbí wà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń gba tiwa.

Ní Sokoto àti Katsina, òjò sábà máa ń dá ní ìparí oṣù kẹsàn-án. Ní Kano, ìparí oṣù kẹsàn-án tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ni. Ní Zaria àti Kaduna, ó lè dé nǹkan bí ìdajì oṣù kẹwàá. Nígbà mìíràn ó tún máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà kò gbàgbé ọ̀dá ọdún 1972 sí 1973, tí oko gbẹ tí màlúù sì kú lọ bẹẹrẹ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: àgbàdo tí a gbìn ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án kò ní yọ ọmọ títí di nǹkan bí ìparí oṣù kẹwàá. Ìgbà tí ó nílò omi jù nìyẹn, òjò sì ti lọ.

Ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn Hausa pín ọdún sí: bazara ni ìgbà ooru kí òjò tó dé, damina ni ìgbà òjò, kaka ni ìgbà ìkórè, rani sì ni ẹ̀ẹ̀rùn. Kaka ni a ń wọ̀ lọ yìí. Ẹ ó mọ̀ ọ́n báyìí: òjò yóò máa jìnnà sí ara wọn. Èyí tí ó bá rọ̀ yóò máa ti ìlà-oòrùn wá pẹ̀lú ìjì, eruku àti àrá, yóò rọ̀ gidigidi, yóò sì tètè dá. Ẹ má ṣe rò pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni. Lẹ́yìn náà ìrì yóò máa sẹ̀ láàárọ̀, oòrùn ọ̀sán yóò mú, òru yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tutù.

Iṣẹ́ tí ó yẹ kí a ṣe nìwọ̀nyí.

Ọkà bàbà: ẹ ro ó dáadáa, kí koríko má bàa mu omi tí ó kù nínú ilẹ̀. Ọkà bàbà ìbílẹ̀ mọ ìgbà tí ojúmọmọ bá ń kúrú. Ìgbà náà ló ń tanná, omi inú ilẹ̀ ló sì fi ń gbọ́ lẹ́yìn òjò.

Ẹ̀pà: ẹ wú u bí ó bá ti gbó, kí ilẹ̀ tó le. Bí ilẹ̀ bá le, inú rẹ̀ ni ọmọ ẹ̀pà yóò já sí. Ẹ má ṣe kó o jọ ní tútù. Ẹ sá a kí ó gbẹ. Ẹ̀pà tí ó bu ní májèlé tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ẹ má ṣe fún ọmọ jẹ.

Ilẹ̀ àkùrọ̀, tí wọ́n ń pè ní fadama: bí ẹ bá fẹ́ gbìn lẹ́ẹ̀kejì, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ, níbi tí kànga tàbí odò wà fún tòmátì àti àlùbọ́sà. Ẹ tètè bá Mai Unguwa sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ náà, kí ẹ sì bi í léèrè ìgbà tí màlúù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ oko, kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀.

Nínú ilé: ibà ń pọ̀ gan-an ní oṣù méjì yìí. Ẹ da omi tó dúró nù, kí àwọn ọmọ sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn. Bí àwọn tó ń pín oògùn ìdènà ibà fún àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún bá dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n lò ó pé ní oṣooṣù. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà létí odò kí ó ṣọ́ra, nítorí ilẹ̀ ti mu omi yó. Ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni ìdídò Alau ya, tí omi sì gba inú Maiduguri.

Kí ẹ tó ju irúgbìn kan sílẹ̀ ní oṣù yìí, ẹ kọ́kọ́ bi aládùúgbò yín pé kí ni yóò máa mu. Èmi kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ire oko yóò wọlé o.