Gbólóhùn Bí-Bá Nínú Èdè Kọ̀ǹpútà Python

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Python, èdè kọ̀ǹpútà tí Guido van Rossum gbé jáde ní 1991, fi ń pa àṣẹ tí ó ní “bí” nínú: if, elif àti else. Èyí àárín ni ó ṣòro jù láti túmọ̀. Bí olùkọ́ bá pe if àti elif ní “bí … bá” kan náà, àṣìṣe tí yóò tẹ̀ lé e kò ní mọ sí ti èdè nìkan.

Owó ibodè tí wọ́n gbà ní Lekki, lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Ajah àti Ẹ̀pẹ́, láti oṣù Kejìlá 2011 títí di oṣù Kẹwàá 2020, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó yéni. Ní ìbẹ̀rẹ̀, alùpùpù ń san ₦50, jíìpù ₦150, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré ₦120. Ọkọ̀ èrò àti ọkọ̀ akẹ́rù ní iye tiwọn. Akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ ọ́ báyìí:

if ọkọ̀ == "alùpùpù":
    owó = 50
if ọkọ̀ == "jíìpù":
    owó = 150
else:
    owó = 120

(Láti ìgbà tí Python 3 ti jáde ní 2008 ni ó ti gba orúkọ olóhùn bí owó àti ọkọ̀, àwọn ọ̀rọ̀ àṣẹ nìkan ni kò ṣeé yí padà.)

Bí alùpùpù bá dé, ìbéèrè kìn-ín-ní yóò fún un ní 50. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì dá dúró. Alùpùpù kì í ṣe jíìpù. Else, tí ó jẹ́ ti if kejì nìkan, yóò pa 50 rẹ́, yóò sì kọ 120. Python kò ní ráhùn rárá. Bí elif bá rọ́pò if kejì, gbogbo rẹ̀ di ìbéèrè kan ṣoṣo, èyí tí ó bá kọ́kọ́ bá a mu ni yóò sì parí rẹ̀.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún un: “bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí ó bá jẹ́ jíìpù”. Ó gùn ju elif lọ, ṣùgbọ́n “bí bẹ́ẹ̀ kọ́” yẹn kò ṣeé gé kúrò. Òun nìkan náà ni else.

Àwọn ìwé gírámà a máa pe irú gbólóhùn yìí ní gbólóhùn kání. Létí ọmọ Yorùbá, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni “kání” ń tọ́ka sí, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó wà nílẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń yẹ̀ wò. “Gbólóhùn bí-bá” sàn jù. “Irọ́” kò sì yẹ fún False, nítorí alùpùpù tí kì í ṣe jíìpù kò purọ́ fún oníbodè. “Bẹ́ẹ̀ ni” yẹ True, “bẹ́ẹ̀ kọ́” yẹ False, ìdí “bí bẹ́ẹ̀ kọ́” yóò sì hàn sí akẹ́kọ̀ọ́ láìsí àlàyé mìíràn.