Fáàfù àti Orin Èkó: Yíyan Ẹ̀rọ Agbóhùnsókè Onífáàfù fún Ilé

Ẹ̀rọ agbóhùnsókè, tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe mọ̀ sí áńpílífáyà, ni ẹ̀rọ tó ń gba ohùn tó rẹlẹ̀ gan-an láti ibi abẹ́rẹ́ gíráàmù, láti inú rédíò tàbí láti inú fóònù, tó sì ń fún un lágbára títí tí yóò fi lè mi sípíkà, kí orin náà lè kún inú yàrá. Kí tiransísítọ̀ tó gba ìgboro, fáàfù ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Fáàfù jẹ́ ìgò kékeré tó jọ gílóòbù, tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kí wọ́n tó dí i pa, tí okùn tín-ín-rín kan sì máa ń pọ́n bí ẹyin iná nínú rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Tiransísítọ̀ ti lé e kúrò nínú ọ̀pọ̀ ilé, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń ṣe é, àwọn tó fẹ́ràn orin sì ń wá a. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan Erékùṣù Èkó gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé fáàfù ni wọ́n fi gba ohùn ọ̀pọ̀ olórin tí erékùṣù yìí bí sínú àwo, fáàfù náà sì ni àwọn òbí àgbà ibẹ̀ fi gbọ́ wọn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti lóye. Nígbà tí okùn inú ìgò náà bá gbóná, irin tó yí i ká a máa tú àwọn ẹ̀yà iná wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde, àwọn wọ̀nyí a sì máa sáré lọ bá abala irin kan tó wà ní òdìkejì, tí iná ọgọ́rọ̀ọ̀rún fóòtì wà lára rẹ̀. John Ambrose Fleming, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe irú ìgò bẹ́ẹ̀ ní 1904, ṣùgbọ́n Lee de Forest ará Amẹ́ríkà ló fi àwọ̀n wáyà sáàárín irin méjèèjì ní 1906, àwọ̀n yìí ló sì sọ ìgò náà di agbóhùnsókè. Àwọ̀n náà dà bí oníbodè: ohùn kékeré tó wọlé láti ara gíráàmù ló ń pàṣẹ fún un, bí ohùn náà bá sì ti ń lọ sókè sódò ni oníbodè ń ṣínà tó ń dínà fún ọ̀wọ́ ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù, tó fi jẹ́ pé ohùn tí kò lágbára di ọ̀gá lórí iná tó lágbára. Fóòtì iná tó ń jáde níbẹ̀ ga ju èyí tí sípíkà lè lò lọ, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi tíráńsífọ́mà sáàárín wọn, ìyẹn irin tí wọ́n fi wáyà bàbà wé, tó ń sọ fóòtì náà kalẹ̀ kí sípíkà tó gbà á.

Ìtàn àwo orin Yorùbá fi ipa fáàfù hàn kedere. Nígbà tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, kọ orin rẹ̀ sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, kò sí fáàfù níbẹ̀ rárá; ńṣe ni olórin ń kọrin sẹ́nu ìwo ńlá kan, tí agbára èémí rẹ̀ nìkan sì ń darí abẹ́rẹ́ tó ń gé àwo. Láti 1925 ni gbohùngbohùn àti fáàfù ti gba iṣẹ́ náà, tó fi jẹ́ pé nígbà tí Túndé King, ọmọ Olówógbowó, gba orin jùjú sínú àwo Parlophone ní 1936, àwo lè gba ohùn jẹ́jẹ́ olórin tí kò pariwo. Ní ọdún tó ṣáájú èyí, 1935, ni ìjọba amúnisìn na wáyà rédíò dé àwọn ilé kan ní Èkó. Àpótí onípákó tí wọ́n gbé kọ́ ògiri, tí àwọn ènìyàn sọ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, kò ní ju sípíkà lọ nínú; ibùdó tí wáyà ti ń wá ni fáàfù wà, nítorí náà agbóhùnsókè kan náà ni gbogbo onílé tó san owó ń lò pọ̀. Ní 1949 sì ni Àyìndé Bákàrè fi iná sí gìtá jùjú. Ẹ̀rọ ló jẹ́ kí gìtá àti ohùn olórin lè borí gángan àti àwọn ìlù mìíràn tó ń pọ̀ sí i nínú ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni jùjú òde àríyá sì ṣe di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí.

Lẹ́yìn èyí ni rẹ́díógíráàmù dé, àpótí onípákó dídán tí rédíò àti gíráàmù jọ wà nínú rẹ̀, tí Grundig, Philips àti Telefunken ń ṣe, tó sì jẹ́ àmì ọlá nínú pálọ̀. Ẹni tó bá rántí ojú aláwọ̀ ewé tó máa ń tàn tó sì ń sé lójú ẹ̀rọ náà bí wọ́n ṣe ń wá ibùdó rédíò, fáàfù ni ó rí, nítorí pé ojú yẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ irú fáàfù kan tó ń fi hàn bóyá ibùdó ti dúró dáadáa.

Kí ni ohùn fáàfù fi yàtọ̀? Kò sí agbóhùnsókè kan tí kò fi nǹkan kún ohùn tó gbà, ṣùgbọ́n ohun tí oníkálukú ń fi kún un kò rí bákan náà. Ẹ̀rọ tó ń lo fáàfù àgbà kan ṣoṣo fún sípíkà kọ̀ọ̀kan sábà máa ń fi ohùn mìíràn tó ga ní ìlọ́po méjì lé èyí tó gbà, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ọmọdé bá ń bá àgbà gbe orin kan náà lójú ohùn tirẹ̀. Etí kì í kà á sí àbùkù, ó máa ń gbọ́ ọ bí ẹni pé ohùn náà kún sí i. Bákan náà, nígbà tí orin bá lágbára ju ohun tí ẹ̀rọ lè gbé lọ, tiransísítọ̀ a gé orí ohùn lójijì, a sì máa gún etí, nígbà tí fáàfù ń tẹ orí rẹ̀ ba díẹ̀díẹ̀. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé tiransísítọ̀ tó dára péye ju fáàfù lọ bí wọ́n bá fi irinṣẹ́ wọ̀n ọ́n, ó sì ń di ìlù tó rinlẹ̀ mú ju tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n fún ohùn ènìyàn, gòjé sákárà àti gìtá jùjú àtijọ́, ìwà tútù fáàfù bá wọn mu.

Wáàtì ni ọ̀pọ̀ olùrà kọ́kọ́ máa ń béèrè, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Fáàfù EL84 kan ṣoṣo kì í mú ju nǹkan bíi wáàtì 5 jáde. EL34 méjì tó jọ ń ṣiṣẹ́, tí ọ̀kan ń tì tí èkejì sì ń fà, lè mú nǹkan bíi 35 jáde. Sípíkà ló ń sọ bóyá èyí tó. Wọ́n máa ń kọ sára sípíkà bí ohùn rẹ̀ ṣe ga tó ní dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì bí wọ́n bá fi wáàtì 1 sí i, tí olùgbọ́ sì jìnnà sí i ní mítà 1. Èyí tí wọ́n kọ 95 sí yóò fi wáàtì 1 ṣe ohun tí èyí tí wọ́n kọ 85 sí yóò fi wáàtì 10 ṣe. Nínú àwọn yàrá Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí ilé ti fẹ̀gbẹ́ ko ẹ̀gbẹ́, tí ògiri ẹnì kan sì jẹ́ ògiri aládùúgbò rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré pẹ̀lú sípíkà tó jí pépé sàn ju ẹ̀rọ ńlá pẹ̀lú sípíkà tó ń sùn lọ.

Ohun kejì tó yẹ kí olùrà ṣe ni kí ó gbé ẹ̀rọ náà wò. Tíráńsífọ́mà ni ó wọ́n jù nínú rẹ̀, òun náà ni ó sì wúwo jù. Bí irin rẹ̀ bá kéré, ohùn ìsàlẹ̀ àgídìgbo yóò sọnù. Àwọn ẹ̀rọ fífúyẹ́ kan wà lọ́jà tí fáàfù wẹ́wẹ́ méjì ń tàn lókè wọn, tó sì jẹ́ tiransísítọ̀ ló ń ti sípíkà nísàlẹ̀. Kì í ṣe pé wọn kò lè kọrin, ṣùgbọ́n kò yẹ kí wọ́n gba owó fáàfù lórí wọn.

Ọ̀rọ̀ iná ló le jù ní Èkó. Fóòtì 230 ni iná ìjọba yẹ kó jẹ́, okùn inú ọ̀pọ̀ fáàfù sì ń fẹ́ fóòtì 6.3 láti gbóná. Bí iná bá ga dé 253, okùn náà yóò gba nǹkan bíi 6.9, ẹ̀mí rẹ̀ yóò sì kúrú. Sítábíláísà kì í ṣe àṣejù níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí ẹbí fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà nílò ìṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé fóòtì 120 ni wọ́n ṣe é fún. Ínfátà tí iná rẹ̀ kì í lọ ní wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ti ìjọba máa ń mú tíráńsífọ́mà kùn hùnhùn. Yàtọ̀ sí èyí, fáàfù ń gbóná, ó ń fẹ́ ààyè fún afẹ́fẹ́ lókè àti lẹ́yìn, atẹ́gùn oníyọ̀ láti Ọ̀sà àti òkun sì ń mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ dípẹtà, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n máa yọ fáàfù, kí wọ́n sì nu ẹsẹ̀ rẹ̀, láti ìgbà dé ìgbà nígbà tí ẹ̀rọ bá ti tutù.

Ariwo ìta náà wà níbẹ̀. Láàárín ọ̀sán, nígbà tí àwọn alágbàrù ń kígbe ní Òkè Àrin, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń hó ní Ìdúmọ̀tà, kò sí ẹ̀rọ tí ẹwà rẹ̀ lè hàn. Àárọ̀ Sunday àti alẹ́, lẹ́yìn tí ọjà bá ti tú, ni àsìkò rẹ̀. Kí wọ́n tan án ní bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú, kí fáàfù lè gbóná dáadáa kí abẹ́rẹ́ tó kan àwo. Àwo àtijọ́ tó ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan nílò abẹ́rẹ́ tó nípọn ju ti àwo 33 àti 45 lọ, ẹni tí kò bá sì yí i padà yóò ba ohun tí kò ní rí rà mọ́ jẹ́.

Púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ Yúróòpù tó ń ṣe fáàfù tẹ́lẹ̀ ti kógbá sílé, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń ṣe EL84, EL34 àti ECC83 tuntun ní Rọ́ṣíà, Ṣáínà àti Slovakia, tó fi jẹ́ pé rẹ́díógíráàmù àtijọ́ tó ń lo wọ́n kò tíì di òkú irin. Kí ẹnikẹ́ni má ṣáà kì í bọ iná tààrà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó ti wà ní igun ilé. Àwọn kàpásítọ̀ onípépà inú rẹ̀ yóò ti bàjẹ́, wọ́n sì lè jó tíráńsífọ́mà. Kí wọ́n má sì ṣe tan ẹ̀rọ onífáàfù láìso sípíkà mọ́ ọn, nítorí pé ìpalára kan náà lè tibẹ̀ wá. Iná tó wà nínú rẹ̀ lè pa ènìyàn, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á, nítorí náà ẹni tó mọ iṣẹ́ rédíò nìkan ló yẹ kó ṣí i. Bí irú àpótí bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ilé ẹbí kan, ní Lafiaji tàbí ní Ìta Fájì, kí àwọn ọmọ ilé jọ̀wọ́ má tíì tà á fún onírin àlòkù. Kí wọ́n kọ́kọ́ pe àgbà oníṣẹ́ rédíò kan wá wò ó, nígbà tí àwọn tó mọ fáàfù ṣì wà láyé.