Àṣẹ orí iná mọ̀nàmọ́ná ń kúrò l'Ábùjá: Ta ni ará ìgbèríko yóò ké sí báyìí?

Bí iná bá lọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú àti ìletò ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí tọmọdé tàgbà ṣì máa ń sọ ni pé "NẸ́PÀ ti mú iná lọ." Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ti pẹ́ tí NẸ́PÀ ti kógbá sílé. Ọdún 2005 ni orúkọ rẹ̀ yí padà di PHCN. Nígbà tó sì di ọjọ́ kìíní, oṣù kọkànlá, ọdún 2013, ìjọba àpapọ̀ fa iṣẹ́ pínpín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, wọ́n kó ìpín 60 nínú 100 fún wọn, ìjọba sì di ìpín 40 tó kù mú.

Àyípadà mìíràn tún ti dé lẹ́yìn èyí, tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó wà ní ìgbèríko kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀ dáadáa, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n. Àṣẹ láti sọ iye tí oníbàárà yóò máa san lórí iná, àṣẹ láti fún ilé-iṣẹ́ apíná ní ìwé àṣẹ, àti àṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ, èyí tó jẹ́ pé Àbújá nìkan ló wà tẹ́lẹ̀, ti ń bọ́ sí ọwọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ẹ ó rántí pé lábẹ́ òfin tó wà tẹ́lẹ̀, ibi tí wáyà iná ìjọba àpapọ̀ kò bá dé nìkan ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti lè fi òfin dá sí ọ̀rọ̀ iná. Gómìnà tó bá fẹ́ pèsè iná fún ìlú ńlá tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò lè dá a ṣe láì gba ọ̀dọ̀ Àbújá.

Ní oṣù kẹta, ọdún 2023, Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, fọwọ́ sí àtúnṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà tó yọ ìdènà yìí kúrò. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún kan náà, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tuntun lórí iná mọ̀nàmọ́ná, èyí tó fi ẹsẹ̀ àtúnṣe náà múlẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti ní ẹ̀tọ́ láti pèsè iná, láti gbé e, láti pín in, àti láti dá àjọ tirẹ̀ sílẹ̀ tí yóò máa ṣe àkóso rẹ̀.

Gbèdéke tí òfin fi lélẹ̀

Kì í ṣe pé gómìnà kan yóò kàn jí lówùúrọ̀, kí ó ní òun ti gba iná. Òfin náà ní ètò, ó sì ní gbèdéke. Ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe òfin tirẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kí ó dá àjọ alákòóso sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó kọ̀wé sí àjọ NERC, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe àkóso ọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná.

Láàrin ọjọ́ 45 tí NERC bá gba ìwé náà, ó gbọ́dọ̀ gbé ìlànà bí àṣẹ yóò ṣe kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Gbogbo ètò náà kò sì gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ìpínlẹ̀ ti kọ̀wé. Nínú àwọn àṣẹ tí NERC ti pa, ó fún ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ní ọjọ́ 60 láti dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí yóò máa ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ náà nìkan. Ẹ̀ka yìí ni yóò wá lọ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ ìpínlẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Enugu wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba àṣẹ yìí ní ọdún 2024. Ní ilẹ̀ Yorùbá, Èkìtì àti Oǹdó ló ṣíwájú. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024 ni NERC pa àṣẹ ti ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì fi ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹfà, ọdún 2025 ṣe gbèdéke rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn àti Ọ̀yọ́ náà wà lára àwọn tí ètò tiwọn bọ́ sí ọdún 2025. Ìpínlẹ̀ tí kò bá tíì gba àṣẹ tirẹ̀ ṣì wà lábẹ́ NERC.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Enugu

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó lè tẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yìí yọ, kí ó wo Enugu. Ní oṣù keje ọdún 2025, àjọ tó ń ṣàkóso iná ní ìpínlẹ̀ náà kéde pé òun ti dín owó iná àwọn oníbàárà ìsọ̀rí A kù, láti nǹkan bíi Náírà 209 sí Náírà 160 lórí ìwọ̀n kan tí mítà ń kà, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, oṣù kẹjọ ọdún náà.

Inú àwọn ará ìlú dùn, ṣùgbọ́n inú àwọn tó ń pèsè iná kò dùn. NERC náà sọ̀rọ̀, ó ní ìpínlẹ̀ kò ní àṣẹ lórí owó iná tó bá ti ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ apèsè iná ìjọba àpapọ̀ wá, bẹ́ẹ̀ ni kò ní àṣẹ lórí owó gbígbé e lórí wáyà ńlá orílẹ̀-èdè. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ kí owó náà wálẹ̀ ju iye tó ná wọn lọ gbọ́dọ̀ múra láti san ìyókù látinú àpò ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro fún ẹni tó bá mọ iṣẹ́ alárobọ̀. Obìnrin tó ń ra gàárì lóko wá tà lọ́jà lè dín èrè tirẹ̀ kù, ó sì lè wá ọkọ̀ tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n kò lè pàṣẹ iye tí àgbẹ̀ yóò ta gàárì fún un. Bí ó bá tà á ní iye tí kò tó owó tó fi rà á, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fún un ní àlékún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ igbá ọjà rẹ̀ yóò dà nù. Ìpínlẹ̀ tó ń ra iná láti orí wáyà orílẹ̀-èdè kò yàtọ̀ sí alárobọ̀ yìí. Àfi kí ó ní oko tirẹ̀, ìyẹn ni pé kí ó máa pèsè iná fúnra rẹ̀.

Ìpinnu tó wà níwájú àwọn ìpínlẹ̀

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan ará ìgbèríko rèé. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti pín àwọn oníbàárà sí ìsọ̀rí márùn-ún. Ìsọ̀rí A gbọ́dọ̀ rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́ ó kéré tán, B wákàtí 16, C wákàtí 12, D wákàtí 8, nígbà tí E ń retí wákàtí 4. Nígbà tí NERC fi owó kún iná ní oṣù kẹrin ọdún 2024, tó gbé e láti nǹkan bíi Náírà 68 sí Náírà 225, ìsọ̀rí A nìkan ni ó kàn. Kò kan àwọn ìsọ̀rí yòókù, níbi tí ọ̀pọ̀ ìletò wà.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé nígbà tí àjọ ìpínlẹ̀ bá jókòó láti ṣe ìṣirò tirẹ̀, ṣé yóò fi àwọn ìsọ̀rí ìsàlẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà ni? Bí ìjọba àpapọ̀ bá dáwọ́ owó ìrànwọ́ tó ń san lórí iná dúró, ta ni yóò gbé ẹrù náà? Ṣé ìjọba ìpínlẹ̀ ni, àbí ìyá arúgbó tó ń lo gílóòbù méjì? Ìpinnu tí ẹni tó ń ṣe é yóò fi sùn lójú kan kọ́ nìyí.

Ọ̀rọ̀ iná oòrùn náà tún wà níbẹ̀. Ìletò Gbamu-Gbamu ní ìpínlẹ̀ Ògùn ti ń lo iná oòrùn tiwọn láti ọdún 2018, láìsí wáyà orílẹ̀-èdè. Ní báyìí, àjọ ìpínlẹ̀ ni yóò máa fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìwé àṣẹ ní ibi tí àṣẹ bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Bí ìlànà rẹ̀ bá rọrùn, ìletò tó jìnnà sí títì lè rí iná kí ìlú ńlá tó rí i. Bí ó bá le, wọn yóò máa wò ó lókèèrè.

Ẹ̀tọ́ tí kò gbọdọ̀ sọnù lọ́nà

Lábẹ́ ìlànà NERC, àwọn ẹ̀tọ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Èkíní ni pé kì í ṣe ojúṣe ará àdúgbò láti dáwó ra tìráńsífọ́mà, òpó tàbí wáyà. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fẹ́ rà á nítorí pé òkùnkùn sú wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ apíná nípa bí owó náà yóò ṣe padà sọ́wọ́ wọn. Àìmọye ìletò ló ti dáwó lórí tìráńsífọ́mà tí wọn kò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Bó ṣe wọlé báyìí, ti ilé-iṣẹ́ ni.

Èkejì ni ti bíìlì àfojúdá. Iye kan wà tí wọn kò gbọdọ̀ kọjá fún ẹni tí kò ní mítà, iye náà sì dúró lé ohun tí àwọn tó ní mítà ní àyíká kan náà ń lò. Ní oṣù kejì ọdún 2024, NERC bu owó ìtanràn tó lé ní bílíọ̀nù 10 Náírà lé àwọn ilé-iṣẹ́ apíná nítorí pé wọ́n kọjá ààlà yìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ó tún bu mílíọ̀nù 628 Náírà lé mẹ́jọ nínú wọn.

Àjọ ìpínlẹ̀ ní agbára láti gbé ìlànà tirẹ̀ kalẹ̀. Nítorí náà, ohun tó yẹ kí àwọn ọba, baálẹ̀ àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú máa béèrè lọ́wọ́ aṣojú wọn nílé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ ni bóyá àwọn ẹ̀tọ́ wọ̀nyí bá iṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ àjọ tuntun, tàbí wọ́n já bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ta ni kí a ké sí?

Ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ, ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ apíná ni yóò kọ́kọ́ lọ, kí ó kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì gba ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kì í ṣe ẹ̀rí. Bí wọn kò bá dá a lóhùn, ní ìpínlẹ̀ tó ti gba àṣẹ, àjọ ìpínlẹ̀ ni kí ó gbé ẹ̀dà náà lọ bá. Ní ìpínlẹ̀ tí kò tíì gbà á, NERC ni.

Kì í ṣe pé bí àṣẹ ṣe kúrò l'Ábùjá yìí ni iná yóò kàn máa tàn tọ̀sán tòru. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹni tó ń pàṣẹ kò jìnnà mọ́. Ẹni tí kò lè wọ ọkọ̀ dé Àbújá lè dé Adó-Èkìtì, Àkúrẹ́, Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn, kí ó sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Gómìnà tí yóò sì tún wá tọrọ ìbò ní abúlé kò lè sọ mọ́ pé ọwọ́ òun kò tó o.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tó bá ṣípá nìyá ń gbé.