Ilẹ̀kùn Tí Kọ́kọ́rọ́ Rẹ̀ Wà Lápò Àwa Bàbá

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni mo gbé wá lónìí. Ọ̀rọ̀ àwa bàbá ni.

Obìnrin kan nínú jámáà wa ta gàrí lọ́jọ́ ọjà. Ẹni tó rà á ní òun ti fi owó ránṣẹ́ sí báǹkì rẹ̀, ó sì na fóònù sí i kí ó wò ó. Ìyá yìí kò mọ̀wé. Ó mi orí, wọ́n sì gbé gàrí lọ. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ti ilé-ìwé dé tí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kọ́bọ̀ kan kò wọlé. Nígbà tí ó wá sọ fún mi, kì í ṣe owó ni ó sunkún. Ó ní, "Àáfà, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mọ̀wé. Bàbá wa ní owó aṣọ àti ìwé kò lè ká ọmọ méjì."

Òtítọ́ ni pé nígbà kan, ará òde ló ti ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ilẹ̀ wa jẹ́ ti àwọn onígbàgbọ́, ẹ̀rù sì ń ba àwọn bàbá wa pé ọmọ wọn yóò gbàgbé ìrun níbẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923. Ní oṣù kìíní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n girama ṣì le fún ọmọbìnrin Mùsùlùmí. Wọ́n kọ̀ láti gba ọmọ Àlàájà Humuani Alága, oníṣòwò aṣọ ní Ìbàdàn, nítorí ẹ̀sìn rẹ̀. Kò jókòó kí ó máa ráhùn. Òun àti àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Isabatudeen sílẹ̀ ní 1958. Nígbà tí ó di 1964, wọ́n ti ní girama àwọn ọmọbìnrin tiwọn.

Ní oṣù kejìlá 2017, wọn kò jẹ́ kí Firdaus Amasa, tí ó ti kọ́ ìmọ̀ òfin parí, wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń sọ wọ́n di lọ́yà ní Àbújá, nítorí híjáàbù. Ní oṣù keje 2018, ó di lọ́yà pẹ̀lú híjáàbù lórí. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà 2022, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá a láre pé kí àwọn ọmọbìnrin lo híjáàbù ní ilé-ìwé ìjọba Èkó.

Ilẹ̀kùn òde ń ṣí. Ti inú ilé wa ńkọ́? Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 2004 sọ ọ́ di dandan kí òbí jẹ́ kí ọmọ parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama. Ọmọ ni òfin wí, kò wí ọkùnrin. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí náà jẹ̀bi. Mo fa àkọ́bí mi obìnrin jáde ní kílàásì kejì girama kí ó lè máa bá ìyá rẹ̀ tajà; àbúrò rẹ̀ ọkùnrin parí tirẹ̀. Lónìí, bí báǹkì bá fún un ní fọ́ọ̀mù, èmi ni ó ń gbé e wá bá. Bí mo bá ti ń kọ ọ́, ojú a máa tì mí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ẹ̀sìn bojú. Àṣẹ àkọ́kọ́ tó sọ̀ kalẹ̀ fún Ànábì wa ni pé kí ó kà. Khadijah tí ó fẹ́, oníṣòwò pàtàkì ni. Ọjà rẹ̀ ni Ànábì kó lọ sí Ṣáámù kí wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó. Nana Asma'u, ọmọ Ṣéù Usman dan Fodio, kọ́ àwọn obìnrin ìgbèríko ní ìmọ̀ ní ilẹ̀ Ṣókótó. Àáfà wo nínú wa ló ju bàbá rẹ̀ lọ?

Nítorí náà, kí ilé-ìwé tó wọlé, kí lèmọ́mù bèèrè lọ́wọ́ gbogbo bàbá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ pé, "Ọmọbìnrin rẹ dà?" Kí yìgì dúró títí ọmọ yóò fi parí ìwé rẹ̀. Kí mọ́ṣáláṣí sì ṣílẹ̀kùn lálẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí a máa kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà bí wọn yóò ti ka nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ orí fóònù.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Kí Ọlọ́run Ọba fi ọ̀nà mọ̀ wá. Àmín.