Gbígbó Omi Nínú Àkùàpónííkì Agboolé

Àkùàpónííkì ni ọ̀nà tí a fi ń sin ẹja, tí a sì ń gbin ewébẹ̀ láìlo ilẹ̀, nínú omi kan náà tí ẹ̀rọ ń fà yí po láàárín àgbá ẹja àti àpótí ọ̀gbìn. Ìdọ̀tí ẹja di ajílẹ̀ fún ewébẹ̀, ewébẹ̀ fa ajílẹ̀ náà, omi sì padà sọ́dọ̀ ẹja ní mímọ́. Ohun tí àlàyé kúkúrú yìí fò dá ni pé ìdọ̀tí ẹja kì í ṣàdédé di ajílẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí à ń pè ní bakitéríà ni wọ́n ń sọ ọ́ dà, wọn kì í sì í pọ̀ tó nínú omi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sínú àgbá. Àkókò tí a fi ń dúró kí wọ́n pọ̀ tó iṣẹ́ wọn ni a pè ní gbígbó omi níhìn-ín. Nínú àkókò yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹja àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ń kú, tí omi yóò sì mọ́ gaara bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣe é.

Bouaké, ní àárín gbùngbùn Côte d'Ivoire, kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ ẹja sísìn. Ibùdó ìwádìí lórí ẹja omi aládùn wà níbẹ̀, lábẹ́ CNRA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ orílẹ̀-èdè náà. Láti Bouaké ni a ti kó tilápíà Odò Náílì lọ sí ìpínlẹ̀ Ceará ní Brazil ní 1971. Ṣùgbọ́n ìlú yìí kan náà ti mọ ọ̀wọ́n omi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018, adágún Loka, tí ń pèsè nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún omi ẹ̀rọ ìlú náà, gbẹ, àwọn ará ìlú sì ń tò fún omi ọkọ̀ àti omi kànga. Ẹni tí ó bá gbé àgbá ẹja kalẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé ní Broukro, ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò Bouaké, ní láti ronú sí èyí. Ìmọ̀ràn tí a sábà máa ń gba olùsìn tí omi rẹ̀ bàjẹ́ ni pé kí ó da ìdajì rẹ̀ nù, kí ó sì bu òmíràn. Nínú àgbá tí ó gba lítà 1,000, ìdajì náà jẹ́ ogún kẹ́ẹ̀gì onílítà 25. Níbi tí omi ti ṣọ̀wọ́n, ó sàn kí a mú omi gbó dáadáa kí ẹja tó wọ inú rẹ̀.

Májèlé méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, wọn kì í sì í dé pọ̀. Èkíní ni amóníà. Láti ẹnu ìjàgbọ̀n ẹja ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń jáde. Oúnjẹ tí ẹja kò jẹ, tí ó rà sísàlẹ̀ àgbá, ń fi kún un. Bakitéríà bíi Nitrosomonas ń sọ amóníà di náítíráìtì, èyí tí ó jẹ́ májèlé kejì: ó ń sọ ẹ̀jẹ̀ ẹja di aláwọ̀ ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà kò sì ní lè gbé atẹ́gùn ọ́síjìn mọ́. Ẹja yóò máa mí gúlegúle lójú omi bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé atẹ́gùn wà nínú omi náà. Ọ̀wọ́ bakitéríà kejì, Nitrospira àti Nitrobacter, ni ń sọ náítíráìtì di náítíréètì, oúnjẹ ewébẹ̀, tí kì í sábà pa ẹja lára. Nǹkan bí 1890 ni Sergei Winogradsky, onímọ̀ ọmọ Rọ́ṣíà, fi ìpele méjèèjì yìí hàn. Ọ̀wọ́ kejì kò lè bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ àfi ìgbà tí ọ̀wọ́ kìíní bá ti pèsè oúnjẹ fún un. Ìdí nìyí tí amóníà fi máa ń ga tí ó sì ń lọ sílẹ̀, tí olùsìn á rò pé wàhálà ti parí, kí náítíráìtì tó gòkè. Ìwé atọ́nà tí àjọ FAO gbé jáde ní 2014 fi gbogbo rẹ̀ sí nǹkan bí ọjọ́ 25 sí 40. Òtútù alẹ́ ìgbà ọyẹ́ lè mú un pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú amóníà tí a bá wọ̀n, apá kan ṣoṣo ni oró rẹ̀ le, pH omi ni ó sì ń pinnu bí apá náà ti pọ̀ tó. pH ni òṣùwọ̀n tí ń fi hàn bí omi ti kan tó: 7 ni àárín, èyí tí ó kéré sí i kan, èyí tí ó ga jù ú lọ fara jọ omi eérú. Bí omi bá gbóná tó 25°C, apá olóró yìí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún amóníà ní pH 7. Ní pH 8 ó tó nǹkan bí ìdá 5. Ní pH 9 ó lé ní ìdá 35. Nítorí náà amóníà tí kò pa ẹja láàárọ̀ lè pa á lọ́sàn-án, bí ewéédò bá ti gba oòrùn tí ó sì gbé pH sókè. Kí a bo àgbá. Àwọn bakitéríà náà kò fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀ oòrùn.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ bakitéríà fúnra rẹ̀ ń mú omi kan. Gírámù kan náítírójìn amóníà tí wọ́n bá yí padà ń gba agbára ìdènà-kíkan tí ó tó gírámù 7 ẹfun kúrò nínú omi. Omi tí kò ní ẹfun púpọ̀ nínú kì í pẹ́ kan. Bí pH bá sì ti lọ sísàlẹ̀ 6, iṣẹ́ bakitéríà á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Ìkarahun ìgbín tàbí ti ẹyin tí a fọ̀ mọ́, tí a sì dì sínú àpò kékeré sí ojú ọ̀nà omi, ń tún èyí ṣe díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ náà ni ó dára jù: ẹni tí ó bá da ẹfun sínú omi tí amóníà rẹ̀ ṣì ga, tí pH sì fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ti sọ ohun tí kò léwu di májèlé.

Ọ̀nà tí mo kà sí èyí tí ó dára jù ni kí a mú omi gbó láìfi ẹja sí i. Kí omi ẹ̀rọ kọ́kọ́ wà lójúfò fún ọjọ́ kan sí méjì, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí i, kí kílórínì lè kúrò. Lẹ́yìn náà kí a fi amóníà tí kò ní òórùn dídùn tàbí ọṣẹ nínú kún un títí yóò fi tó nǹkan bí mílígírámù 2 nínú lítà kan; oúnjẹ ẹja tí a jẹ́ kí ó jẹrà nínú omi lè ṣe iṣẹ́ kan náà, bí ó tilẹ̀ lọ́ra, tí ó sì ń rùn. Òkúta wẹ́wẹ́ láti inú àgbá ẹlòmíràn tí ẹja rẹ̀ kò ṣàìsàn ń yára gbin bakitéríà. Kí ẹ̀rọ má dúró, nítorí atẹ́gùn ni bakitéríà wọ̀nyí fi ń ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹja. Omi ti gbó nígbà tí mílígírámù 2 náà bá pòórá láàárín ọjọ́ kan, tí náítíráìtì kò sì sí. Ohun ìdánwò omi ni a fi ń mọ èyí, kì í ṣe ojú. Owó tí a fi rà á kò tó owó ẹja tí yóò kú.

Bí ẹja bá ti wà nínú omi tẹ́lẹ̀, kí wọ́n kéré níye, kí a sì dán omi wò lójoojúmọ́. Nígbà tí amóníà tàbí náítíráìtì bá kọjá mílígírámù kan nínú lítà kan, oúnjẹ ni kí a kọ́kọ́ dá dúró, ṣáájú kí a tó ronú àtida omi nù. Tilápíà tí kò jẹun fún ọjọ́ méjì kì í kú. Iyọ̀ díẹ̀ ń dènà kí náítíráìtì wọ ẹ̀jẹ̀ ẹja, ṣùgbọ́n ewébẹ̀ kò fẹ́ iyọ̀ púpọ̀. Omi tí a bá ní láti dà jáde, kí a fi bomi rin ọgbà. Kí ẹni tí ó ń sin àrọ̀ ṣọ́ra: ẹja yìí lè mí afẹ́fẹ́ lójú omi, ó sì lè fara da omi búburú títí yóò fi pẹ́ kí olùsìn tó fura.

Ní ti ewébẹ̀, tẹ̀tẹ̀ àti efinrin lè wọ àpótí ọ̀gbìn ní kété tí náítíréètì bá fara hàn. Tòmátì àti ata lè dúró. Lẹ́yìn tí omi bá gbó, ìdánwò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó, bí oúnjẹ ẹja kò bá ju gírámù 40 sí 50 lọ lójúmọ́ fún mítà onígun mẹ́rin kan ewébẹ̀ elewé.